Ẹ Máa Wà Á Jẹ́jẹ́, Àmọ́ Ẹ Jẹ́ Kó Gbóná

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Cardiff, ìfẹ̀yìntì mi ò sì jìnnà mọ́. Lọ́dún tó kọjá, mo ra Honda S2000 ti ọdún 2005, nítorí ọkọ̀ yẹn ti ń wù mí láti ìgbà tó ti jáde. Òun ni mò ń wà lọ síbi iṣẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré sí ilé, mi ò sì kì í jẹ́ kí aago rẹ́ẹ̀sì kọjá 3,000. Ọmọ mi ọkùnrin ní ṣe ni mò ń pa ẹ́ńjìnnì yẹn díẹ̀díẹ̀. Ó ní eré ni wọ́n ṣe é fún, pé bí mi ò bá ń gbé e dé 9,000 lóòrèkóòrè, kábọ̀n á dí i pa. Ṣé òótọ́ ni? Mo fẹ́ kó bá mi dalẹ́."

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire ọkọ̀ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ó fi rin ìrìn ayọ̀. Ẹ má fòyà, 3,000 kì í pa ẹ́ńjìnnì bí ẹrù tó ń fà kò bá ti pọ̀ jù. Ọmọ yín náà ò sì jẹ̀bi tán, nítorí ohun kan wà nínú ìwé yín tó kọ mí lóminú, ohun náà ni ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹ dárúkọ. Mo ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbèjà 3,000. F20C ni wọ́n ń pe ẹ́ńjìnnì tó wà nínú S2000 tí Honda tà ní Britain láti 1999 títí di 2009: silíńdà mẹ́rin, 1,997 cc, kò ní tọ́bò tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ìlà pupa aago rẹ́ẹ̀sì rẹ̀ sì wà ní 9,000. Ìgbàkígbà tí kíránkì, ìyẹn ọ̀pá tí àwọn pístìn ń yí, bá yí po lẹ́ẹ̀kan, pístìn kọ̀ọ̀kan á sọ̀kalẹ̀ ní mílímítà 84, á tún gòkè ní mílímítà 84. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Bí kíránkì bá ń yí po nígbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan (ohun tí aago rẹ́ẹ̀sì ń kà nìyẹn), pístìn ń rin mítà 8.4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní 9,000, mítà 25.2 ni. Eré ti di ìlọ́po mẹ́ta. Ṣùgbọ́n agbára tó ń fa ọ̀pá pístìn nígbà tí pístìn bá dé òkè pátápátá tó sì gbọ́dọ̀ yíjú padà sísàlẹ̀, ìlọ́po mẹ́sàn-án nìyẹn fi ń pọ̀ sí i. Ríìngì ń ha ara silíńdà sí i, sípíríngì fáàfù ń ṣe wàhálà sí i, ọ́ìlì ń gbóná sí i, ó sì ń jó tán sí i. Honda kọ́ ẹ́ńjìnnì yìí kó lè fara da gbogbo rẹ̀. Àní, wọ́n po fọ́nrán kábọ̀n àti álúmínà mọ́ álúmíníọ́ọ̀mù ògiri silíńdà rẹ̀ kó má baà tètè jẹ. Pé ó lè fara dà á kò wá ní kó máa ṣàárò rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń lọ ní 2,500 lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti gbóná, tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ò sì wúwo lórí tọ́tù, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń jayé orí ẹ̀ ni.

Ìgbà tí rẹ́ẹ̀sì bá kéré tí ẹrù sì pọ̀ ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ti gun kẹ̀kẹ́ oníjíà lọ sókè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rí, tí ẹ gbàgbé láti yí jíà padà, ẹ mọ ohun tí orúnkún yín rí lọ́jọ́ náà. Ohun tí kíránkì ń rí nìyẹn nígbà tí ẹ bá wà nínú jíà kẹfà lójú òkè, tí aago wà ní 1,500, tí ẹ wá tẹ tọ́tù dé ilẹ̀ kí ọkọ̀ lè lọ.

Nǹkan méjì ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì nígbà yẹn. Èkíní kan bẹ́rìn, ìyẹn ibi tí kíránkì ti ń yí. Kíránkì kì í jókòó sórí irin, orí ọ́ìlì ló ń léfòó sí, yíyí tó sì ń yí ló ń fa ọ́ìlì yẹn wọ abẹ́ ara rẹ̀. Bí yíyí bá ti lọ́ra, ọ́ìlì tó ń fà wọ abẹ́ ara rẹ̀ á fẹ́lẹ́. Bí ẹ bá wá tẹ tọ́tù nígbà tó fẹ́lẹ́ yẹn, ìbúgbàù inú silíńdà á ti kíránkì mọ́ bẹ́rìn, irin lè fara kan irin. Kò ní bàjẹ́ lọ́jọ́ kan. Bí ó bá jẹ́ ojoojúmọ́, tó sì jẹ́ ọ̀nà òkè kan náà, bẹ́rìn á jẹ, ariwo á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìsàlẹ̀ jáde. Èkejì kan iná inú silíńdà. Iná tí pílọ́ọ̀gì bá dá gbọ́dọ̀ rìn láti ẹnu pílọ́ọ̀gì dé ẹ̀gbẹ́ silíńdà. Bí pístìn bá ń lọ́ra, epo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní àsìkò púpọ̀ láti gbóná nínú ìfúnpọ̀ yẹn, ó lè gbiná fúnra rẹ̀ kí iná pílọ́ọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ ó gbọ́ ọ, ariwo wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bíi ti ìṣó nínú agolo. S2000 ní ẹ̀rọ tó ń gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀, á sì sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ pé kó jẹ́ kí pílọ́ọ̀gì pẹ́ díẹ̀ kó tó taná, ṣùgbọ́n kò yẹ ká máa fi ẹ̀rọ yẹn ṣe ìwàkuwà lójoojúmọ́.

Ẹ wo bí èyí ṣe kan ìwakọ̀ yín. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni 20 máìlì ní wákàtí kan ti di ìwọ̀n eré ní ọ̀pọ̀ òpópónà àárín ilé ní Wales. Ní 20 máìlì nínú jíà kẹta, aago rẹ́ẹ̀sì ọkọ̀ yín á wà ní nǹkan bí 1,900. Kò burú, bí ilẹ̀ bá tẹ́jú. Ní 30 nínú jíà kẹrin, nǹkan bí 2,250, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ní 30 nínú jíà kẹfà, kò ju 1,600 lọ, ibẹ̀ ni kí ẹ ti sá. Bí ẹ bá sì ń gun òkè Caerphilly láti ìhà Cardiff, ẹ bọ́ sí jíà kẹta tàbí ìkejì, ẹ jẹ́ kó lọ sí 3,500 tàbí 4,000, kó gòkè pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ohun tí òfin 3,000 yín lè fi pa ẹ́ńjìnnì yẹn lára kò jù pé kó mú yín di jíà ńlá mú lójú òkè nítorí pé ẹ ò fẹ́ kí aago gòkè. Lórí ọ̀nà márosẹ̀ M4 pàápàá, ẹ ò lè pa òfin yẹn mọ́: ní 70 nínú jíà kẹfà, aago á ti wà ní nǹkan bí 3,700. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tò ó. Agbára ìfà ẹ́ńjìnnì yìí, tí í ṣe 208 Nm, 7,500 ló ń pé sí. Nísàlẹ̀, kò ní agbára púpọ̀ tó lè fi gbé yín gòkè, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ tètè yí jíà padà sí kékeré ju bí ẹ ṣe máa ṣe nínú ọkọ̀ dísù lọ.

Ó tó gẹ́ẹ́ lórí rẹ́ẹ̀sì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ló kù.

Bí ẹ́ńjìnnì bá jó lítà epo bẹntiróòlù kan, omi tó ń tinú rẹ̀ jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà kan. Ó ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí: háídrójìn inú epo ló ń pàdé ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú omi yìí ń bá sàlẹ́ńsà jáde, òun lẹ máa ń rí tó ń ṣe funfun lẹ́yìn ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ òtútù. Díẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì sọ̀kalẹ̀ lọ sínú ọ́ìlì. Epo náà ń bá a lọ, torí pé nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù, kọ̀ǹpútà rẹ̀ máa ń fún un ní epo ju bó ṣe yẹ lọ kó má baà kú, èyí tí kò bá jóná á sì ṣàn lára ògiri silíńdà wálẹ̀. Bí ọ́ìlì bá gbóná dé nǹkan bí 90 tàbí 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tó sì pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, omi àti epo yìí á di oru, ẹ́ńjìnnì á fà á padà lọ jó. Bí kò bá gbóná, inú ọ́ìlì ni wọ́n á máa gbé.

Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ awakọ̀ jẹ ni pé omi radiétọ̀ máa ń tètè gbóná ju ọ́ìlì lọ. S2000 ò ní aago ìgbóná ọ́ìlì, ti omi nìkan ló ní. Ẹ ó rí i pé aago omi ti dúró síbi tó máa ń dúró sí, ẹ ó rò pé ọkọ̀ ti gbóná, nígbà tí ọ́ìlì ṣì wà lọ́nà. Nígbà òtútù ní Cardiff, tí ẹ bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá wa ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́, kò dájú pé ọ́ìlì yẹn á gbóná tó kí ẹ tó pa á. Á tutù jálẹ̀ wákàtí iṣẹ́ yín, ẹ ó tún fi òtútù ta á, ẹ ó tún fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá wà á bọ̀ nílé. Ẹ́ńjìnnì tó ń gbé irú ayé yẹn, ọ́ìlì rẹ̀ á máa ṣàn jù, á máa ní ásíìdì, á sì máa di ẹrẹ̀ sí àwọn ihò tóóró. Bátìrì náà á máa jìyà, nítorí iná iwájú àti fáànù ń gba iná lọ́wọ́ rẹ̀ ju ohun tí ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè dá padà. Sàlẹ́ńsà á máa gba omi dúró, á sì dípẹtà láti inú.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti ń ṣẹlẹ̀, ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń bu ọ́ìlì sí, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun funfun tó ki, tó ń yọ̀, omi tó pò mọ́ ọ́ìlì ni. Bí ó bá jẹ́ abẹ́ ìdérí nìkan ló wà, ìrìn gígùn kan tàbí méjì á gbé e lọ. Bí ẹ bá fa ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì yọ tí ẹ bá a lára rẹ̀ náà, tí omi radiétọ̀ sì ń dín kù, ẹ má wa ọkọ̀ yẹn mọ́ títí mẹkáníìkì á fi yẹ gáskẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì wò.

Ibí ni èmi àti ọmọ yín ti yapa pátápátá. Bí ẹ bá gba ìmọ̀ràn rẹ̀, tí ẹ ń gbé e dé 9,000 nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn kí kábọ̀n má baà dí i, ẹ ó sọ ohun tó kàn ń rọra dọ̀tí di ohun tó bàjẹ́. Ọ́ìlì tútù ki, kì í yára dé orí kámù, ìyẹn ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù. Pístìn àti silíńdà ò sì tíì fẹ̀ dé ìwọ̀n tí wọ́n gbọ́dọ̀ wà. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì Honda tí mo ti tú, àwọn tí wọ́n ń rẹ́ẹ̀sì ní tútù ló ń bà mí nínú jẹ́ jù, kì í ṣe ti àwọn màmá tó ń wakọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ọmọ yín ti wá o, ó sì ní ìdí. Nígbà tí ọkọ̀ ń lo kábúrétọ̀, tí epo ń wọlé láìsí kọ̀ǹpútà tó ń wọ̀n ọ́n, ìwakọ̀ jẹ́jẹ́ nínú ìlú máa ń mú kí pílọ́ọ̀gì dúdú. Orí pílọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ gbóná dé nǹkan bí 450 lórí òṣùwọ̀n Celsius kó tó lè jó ìdọ̀tí ara rẹ̀ kúrò, pílọ́ọ̀gì ọkọ̀ asáré sì jẹ́ irú èyí tí kì í tètè gbóná, torí wọ́n ṣe é kó má baà gbóná jù nígbà eré. Epo olójé náà tún ń da ìdọ̀tí tirẹ̀ sí i. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2000 ni wọ́n fòfin dá títà rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn dúró ní Britain. Ẹni tó bá ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́, tó gbé e jáde lọ sáré ní ọjọ́ Àìkú, á rí i pé ọkọ̀ náà yá gágá lọ́jọ́ Ajé. Ìyípadà tó rí kì í ṣe àròsọ. Ọkọ̀ yín ò sí lára wọn. Kọ̀ǹpútà ló ń wọn epo rẹ̀, ẹ̀rọ kan sì wà nínú sàlẹ́ńsà tó ń sọ fún un bí epo bá pọ̀ jù.

Ọkọ̀ kan wà tí ọ̀rọ̀ ọmọ yín bá mu dáadáa, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ló ti gbọ́ ọ: Mazda RX-8, tí wọ́n ṣe láàárín 2003 sí 2012. Òun náà lè dé 9,000, àwọn ọ̀dọ́ sì fẹ́ràn láti máa fi òun àti S2000 wé ara wọn. Àmọ́ RX-8 ò ní pístìn rárá. Irin onígun mẹ́ta méjì ló ń yí nínú rẹ̀, orí ìgun kọ̀ọ̀kan sì ní irin pẹlẹbẹ tó ń ṣe iṣẹ́ ríìngì. Kí irin pẹlẹbẹ yẹn má baà gbẹ, ẹ̀rọ kan ń mọ̀ọ́mọ̀ fún ọ́ìlì díẹ̀ sínú ibi tí epo ti ń jó. Ọ́ìlì yẹn ń jóná, ó sì ń fi kábọ̀n sílẹ̀. Bí awakọ̀ bá ń rìn jẹ́jẹ́ ní gbogbo ìgbà, kábọ̀n lè mú irin yẹn há sínú ihò rẹ̀, agbára ọkọ̀ á sì lọ. Àwọn tó ni RX-8 máa ń sọ pé kí ènìyàn gbé e dé ìlà pupa lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, tó bá ti gbóná, ìmọ̀ràn tó mọ́gbọ́n dání sì ni fún wọn. Kódà, ẹni tó bá ta RX-8 ní tútù kó lè sún un kúrò níwájú géètì, tó sì pa á lójú ẹsẹ̀, epo lè kún un débi tí kò ní tá mọ́. Gbogbo ìyẹn jẹ́ ìṣòro ẹ́ńjìnnì onígun mẹ́ta. Ẹ má gbé oògùn rẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì oní pístìn.

Bí ẹlòmíràn tó ń ka èyí bá ní ọkọ̀ asáré tuntun tó ní tọ́bò, tí epo ń ta tààrà sínú silíńdà, ọ̀rọ̀ ẹrù tó pọ̀ lórí rẹ́ẹ̀sì kékeré le fún un ju ti ẹ̀gbọ́n wa yìí lọ. Láàárín 1,500 sí 2,500, tí tọ́bò ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọlé, ìṣàn ọ́ìlì díẹ̀ lè gbiná kí pílọ́ọ̀gì tó taná, agbára rẹ̀ sì lè fọ́ pístìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé irú ọ́ìlì tí wọ́n ń pè ní API SN Plus jáde ní 2018, tí SP sì tẹ̀ lé e ní 2020. Kábọ̀n tó ń lẹ̀ mọ́ fáàfù irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ náà, kò sí rẹ́ẹ̀sì tó lè fọ̀ ọ́ kúrò, nítorí epo kì í gba ara fáàfù yẹn kọjá. Ti S2000 ń gba ibẹ̀ kọjá, ó sì ń fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́.

VTEC, ẹ̀rọ tó ń yí kámù padà bí rẹ́ẹ̀sì bá ga, ńkọ́? Ó dá mi lójú pé ọmọ yín á béèrè. Nǹkan bí 6,000 ni ẹ́ńjìnnì yìí ti ń yí sí kámù rẹ̀ tó ga jù, ìyẹn ni pé ní 3,000 yín, ẹ ò tíì dé ibẹ̀ rí. Kámù yẹn kì í dípẹtà nítorí àìlò, ọ́ìlì ń ta sí i nígbà gbogbo. Ohun tó lè ṣe é ni ọ́ìlì ìdọ̀tí, torí agbára ọ́ìlì ló ń ti irin kékeré tó ń so ó pọ̀, asẹ́ kékeré kan sì wà lọ́nà ọ́ìlì yẹn tí ẹrẹ̀ lè dí. Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì náà la tún padà sí yẹn.

Tí èmi bá wà ní ipò yín, bọ́ọ̀sì ni n bá máa wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ bá dára, kí n fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún ìrìn tó nítumọ̀. Bí iṣẹ́ alẹ́ ò bá jẹ́ kí ìyẹn ṣeé ṣe, ẹ gba ọ̀nà tó jìn bọ̀ nílé lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ìrìn yẹn tó ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ó kéré tán. Ọ̀nà A470 tó lọ síhà Merthyr dára fún un. Ẹ rọra wà á títí aago omi á fi dúró, ẹ tún fi nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i fún ọ́ìlì. Lẹ́yìn ìyẹn, níbi tí 70 bá ti bófin mu, tí ojú ọ̀nà sì ṣófo, ẹ fi jíà kejì gbé e lọ sókè, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Jíà kejì ọkọ̀ yín lè dé 9,000 láìtíì kọjá 70, ọlọ́pàá ò ní bá yín jà. Mi ò ní pọn dandan fún yín pé kí ẹ ṣe é. Ẹ ò ra S2000 kí ẹ má mọ bó ṣe ń kọrin, ìyẹn ni mo ṣe ní kí ẹ ṣe é.

Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì lọ́dọọdún, irú èyí tí ìwé ọkọ̀ sọ, yálà máìlì pé tàbí kò pé. Pẹ̀lú irú ìrìn tí ẹ ń rìn nísinsìnyí, oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni mo fẹ́. Ẹ máa fa ọ̀pá ìwọn rẹ̀ wò ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ra epo lẹ́ẹ̀kejì, pàápàá bí ọmọ yín bá yá ọkọ̀ náà fún òpin ọ̀sẹ̀, torí F20C máa ń jẹ ọ́ìlì bí wọ́n bá ń gbé e gun òkè aago. Kó mọ̀ pé bó bá fẹ́ sáré, ó gbọ́dọ̀ dúró kó gbóná, kó sì dá ọ́ìlì padà sí ìwọ̀n tó bá a.

Nígbà òtútù, bí ẹ ò bá ní wà á fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má ta á fún ìṣẹ́jú márùn-ún nínú gáréèjì kí ẹ sì pa á, nítorí ẹ̀rù pé ó ti pẹ́ tó ti dúró. Omi àti epo ni ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn ń dà sínú ọ́ìlì, láìsí ooru tó máa gbé wọn jáde. Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì ní iná díẹ̀díẹ̀, ẹ so ó mọ́ ọn, ẹ fún táyà ní afẹ́fẹ́ tó pé, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ títí ẹ ó fi ráyè fún ìrìn gidi.